End of Discussion Tí Kò Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀

Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́bí, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ sì kọ́kọ́ bá mi fi sọ́kàn pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé agboolé wa l'Òkè-Àdó, n'Íbàdàn níbí, ni mo pàtẹ gààrí àti èlùbọ́ mi sí. Ẹni tó bá ń wọlé, èmi ló máa kọ́kọ́ kò lójú. Ẹni tó bá ń jáde, mo ti mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá tó gbé dání. Ṣé kí n wá máa di ojú wọn gààrí fún oníbàárà ni?

Bàbá Tọ́lá ti yàrá méjì ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà. Iṣẹ́ akọ̀wé owó ló ń ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ o, kò rí ẹ̀yìn iṣẹ́ ẹnjiníà rí. Ọjọ́ tí fáànù òkè àjà Alhájì lánlọ́ọ̀dù wa kú ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó tú u, ó tò ó padà. Láti ọjọ́ náà ni fáànù ti ń fẹ́ atẹ́gùn sókè sí àjà, tí Alhájì ń làágùn nísàlẹ̀. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Honda Accord ni ọkọ̀ rẹ̀, ti ọdún 2003. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wà láìlórúkọ àbísọ. Honda kan wà tó ń jẹ́ Hala. Èyí tó jáde ní 2008, Evil Spirit ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹni Ọlọ́run sì ń gbé e lọ sí ìsìn láàárọ̀ Sunday láìbẹ̀rù. Ti Ẹnjiníà ni End of Discussion. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní ìgbà tó wọ̀lú, iyàn ti parí, kò sí ọkọ̀ tó tún dára tó o. Nínú agboolé tiwa, orúkọ yẹn rò ó gidi, torí bó bá ti sáná sí i láàárọ̀, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ mọ́.

Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló lu. Kò kọ́kọ́ pọ̀, ó kàn ń kùn ni. Nígbà tó yá, ó di ariwo tí ń lé adìẹ gun òrùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ iléèwé kan ní kí Ìyá Alákàrà má fi ata sí tòun, Ẹnjiníà ń gbé ọkọ̀ jáde lọ́wọ́, gbólóhùn "fi ata sí i" nìkan ló dé etí Ìyá Alákàrà. Ọmọ náà sunkún dé iléèwé. Ìyá rẹ̀ wá bá wa jà níbí, a ò sì gbọ́ èébú rẹ̀ dáadáa, nítorí Ẹnjiníà ti ń padà bọ̀ wá mú fáìlì tó gbàgbé.

Gbogbo èèyàn ń ṣépè fún ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n ní gálọ́ọ̀pù ló fọ́ sàlẹ́ńsà náà. Bàbá Tíṣà tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ní irọ́ ni. Fíísíìsì ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá sì ti rí ẹni tí yóò gbọ́, wọn kì í tètè jókòó. Wọ́n ní omi ló jẹ sàlẹ́ńsà. Ìyá Tọ́lá ní, "Ẹ̀ẹ́ sà, omi báwo? Ṣé rédíétọ̀ ló ń jò ni?" Wọ́n ní rárá, inú epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ ni omi ti ń wá. Bí lítà epo kan bá jó tán nínú ẹ́ńjìnì, omi tó máa bá èéfín jáde sún mọ́ lítà kan. Ooru ló kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, gbogbo páìpù á gbóná, ooru á bá ìdí jáde lọ. Bó bá jẹ́ ìrìn kúkurú ni, páìpù ò ní gbóná tó, ooru á di omi padà sínú ikùn sàlẹ́ńsà, á dúró síbẹ̀, á máa jẹ irin láti inú. Ara ìta á ṣì máa dán. Ọjọ́ tí ẹ bá fi máa rí ihò níta, inú ti di ìyẹ̀fun.

Ẹnjiníà ńkọ́? Láti ilé dé ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú lọ kò ní í jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ẹ máa gbé ọkọ̀ rìn ibi tí ẹsẹ̀ tó, kí ẹ máa wò ó.

Mẹkáníìkì kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó bu owó lé e, owó tó tó ra ewúrẹ́ méjì kó sì tún ku ti ata. Ẹnjiníà fò sókè. Ó ní kí ló wà lára sàlẹ́ńsà? Kò ní ọpọlọ, kò ní wáyà, irin tí wọ́n fi nọ́ọ̀tù so kọ́ abẹ́ ọkọ̀ lásán ni, òun á tú u fúnra òun, òun á ra òmíràn, òun á dè é padà. Níbí, ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n sọ ti òfin Alhájì, nítorí ó máa wúlò níwájú. Alhájì ti ṣòfin pé mẹkáníìkì kankan kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ agboolé. Ọmọkùnrin kan ló wá tún Benz wọn ṣe nígbà kan, ó lọ da ọ́ìlì dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Àlhájà, ìyàwó wọn, sá èlùbọ́ sí. Kí Àlhájà tó la ẹnu, Alhájì ti sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti lé ọmọ náà dé títì. Ó yà wá lẹ́nu. Alhájì tí a mọ̀, bí òrùlé wa bá jò fún oṣù mẹ́ta, wọn kì í sáré.

Nítorí òfin yìí ni Ẹnjiníà ṣe ní òun kì í ṣe mẹkáníìkì, ayálégbé ni òun, ayálégbé tó san owó ilé sì lè sùn síbi tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ abẹ́ mọ́tò. Ìyá Tọ́lá ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ̀yin nìkan kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi kó wá bá yín dì í mú." Ó dáhùn pé, "Èmi nìkan ni mo máa ṣe é." Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání fún mi.

Gáráàjì wà nínú ilé wa o. Bàbá tó bí Alhájì ló kọ́ ilé náà nígbà tí kòkó ń pawó, ayé ìgbà tí wọ́n ń ti ọkọ̀ mọ́lé lálẹ́ tí wọ́n sì ń nù ún láàárọ̀. Ilẹ̀kùn onígi aláwẹ́ méjì ló ní, sìmẹ́ńtì sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò wọ ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, páànù àtijọ́, ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìnáwó, àti àpò èlùbọ́ kan tí n kò ní sọ ẹni tó ni ín. Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, èmi, Ìyá Alákàrà, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ Àǹtí Téló méjèèjì la kó gbogbo rẹ̀ jáde fún ẹni tó fẹ́ dá nìkan ṣiṣẹ́. Ẹ máa bá mi ka orí wọn lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fọ́n òróró WD-40 sí gbogbo nọ́ọ̀tù tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó ní kó sùn mọ́jú síbẹ̀ kó lè wọ inú ìpẹtà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́n, n kò ní fi dù ú. Ẹni tó bá fọ́n ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó sì ki sípánà bọ̀ ọ́, agbára apá nìkan ló máa ná.

Ilẹ̀ mọ́ ní Saturday. Nígbà tó ti gbé ọkọ̀ wọ gáráàjì, kò fọwọ́ kàn án títí tó fi jẹ ẹ̀bà tán, nítorí páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé máa ń bó ọwọ́. Ó fi igi dí táyà, ó fi jáàkì gbé iwájú, ó ki búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ rẹ̀, ó wá ń tẹ́ páálí sílẹ̀ láti sùn. Àfi bí ohùn Bàbá Tíṣà ṣe dún láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ẹnjiníà! Kí lo fi gbé mọ́tò yẹn dúró?"

"Búlọ́ọ̀kù ni, sà."

"Búlọ́ọ̀kù oníhò tí yanrìn ibẹ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ? O fẹ́ ká wá jẹ ìrẹsì òkú rẹ ni?"

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tàwọn ti ọ̀pá. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ìkìlọ̀ kó tó fọ́, gbàù lẹ́ẹ̀kan ni. Jáàkì náà, ti gbígbé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti kí ọmọ èèyàn sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá rí ibi jò, ọkọ̀ á bá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n rán ọmọ Àǹtí Téló sí fọkanáísà ìkóríta, ó sì yá wọn ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Ibi tí irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti nípọn ni wọ́n ní kó gbé e lé, kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó di ọkọ̀ náà mú kó mì ín gan-an, pé bó bá fẹ́ wó, kó wó nísinsìnyí tí kò tíì sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ó mì ín. Kò mira. Nígbà náà ni wọ́n tó gbà fún un.

Ó wọlé sábẹ́ ọkọ̀, ó wá ku ẹsẹ̀ méjì tí a ń rí. Mo gbé àtẹ mi sún díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ gáráàjì nítorí oòrùn. Oòrùn ni mo wí.

Bó ṣe ń ṣe é ló ń ké e sókè fún wa. Páìpù iwájú tó ti ara ẹ́ńjìnì wá, tó ní ibi kan tí wọ́n fi irin hun kó lè máa tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kátálíìsì. Lẹ́yìn kátálíìsì, páìpù àárín tó gùn, kó tó wá kan sàlẹ́ńsà ńlá tó wà nídìí. Rọ́bà ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀ kọ́, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà máa wọ inú ọkọ̀. Sípánà 14 ló fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe kọ́kọ́ fa nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ni ìpẹtà dà sí i lójú. Ó figbe ta. Àǹtí Téló ló sáré mú gíláàsì ojú rẹ̀ wá, èyí tó fi lọ ìgbéyàwó, tí òkúta dídán yí etí rẹ̀ ká. Ẹ bá mi wo Ẹnjiníà lábẹ́ Honda pẹ̀lú gíláàsì aṣọ ẹbí.

Bàbá Tíṣà kò padà sókè mọ́, àga ni wọ́n gbé sẹ́nu gáráàjì. Wọ́n ní bí nọ́ọ̀tù bá ta kú, kó kọ́kọ́ fún un le díẹ̀ kó tó dá a padà, kí ìpẹtà tó so wọ́n pọ̀ lè já. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, méjì tú. Ẹ̀kẹta kán, kàù! Ẹnjiníà dákẹ́. A rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Bàbá Tíṣà ní èyí tó bá kán lẹ́yìn kò burú, sàlẹ́ńsà tó ń lọ sí ààtàn ló kán mọ́. Kó mú ayùn irin kó rẹ́ èyí tó bá kù. Ti iwájú, lẹ́bàá ẹ́ńjìnì, ni kí ó fi sùúrù ṣe, nítorí bí bóòtù bá kán sínú irin níbẹ̀, owó mẹkáníìkì tó ń sá fún ni yóò wá a wá sílé, tòun ti èlé.

Rọ́bà wọ̀nyẹn ló wá fojú rẹ̀ rí màbo. Ó fà wọ́n, ó gbọ̀n wọ́n, ó fi ẹnu bú wọn. Ìyá Alákàrà ló ní ṣé kò sẹ́ni tó bọ́ òrùka tó há rí ni, ó bá po omi ọṣẹ sínú abọ́ fún un. Bó ṣe da omi ọṣẹ sí i, tó sì fi irin gígùn tì í, rọ́bà yọ̀ kúrò láìjanpata. Èyí tó ní kò ní wáyà ńkọ́? Ó bá wáyà méjì níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan ṣáájú kátálíìsì, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn èéfín láti sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí epo ṣe ń jó. Ó yọ ẹnu wáyà wọn kó má baà já, ó fi sípánà 22 tú wọn. Ìyẹn náà, Bàbá Tíṣà ló ti ta á lólobó.

Wàyí o, jáàkì ti gbé ìdí páìpù ró. Kò sí ohun tó gbé iwájú. Bó ṣe tú nọ́ọ̀tù tó gbẹ̀yìn ni gbogbo iwájú páìpù já lulẹ̀, gbàgà! Ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀ ni ó balẹ̀ sí. Háà, ẹ wo eré! Ìyá Tọ́lá di ẹsẹ̀ kan mú, èmi di èkejì mú, Ìyá Alákàrà dé pẹ̀lú ṣíbí àkàrà lọ́wọ́, àwọn ọmọ Àǹtí Téló ń pariwo pé Ẹnjiníà ti kú. A fà á dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìpẹtà ti kùn ún lójú, gíláàsì olókùúta ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wá ń pariwo lé wa lórí pé, "Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀! Mo ní èmi nìkan ni mò ń ṣe é!"

N kò dá a lóhùn. Mo padà sídìí gààrí mi.

Ìjà kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, lórí kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹnjiníà fẹ́ sáná sí ọkọ̀ láìsí páìpù lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí òun gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún ní ìhòòhò. Nítorí kí Alhájì má baà gbọ́, ó lọ ti ilẹ̀kùn gáráàjì. Bàbá Tíṣà já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní èéfín tí a ń rí kọ́ ló ń pa èèyàn. Èyí tó ń pani ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹ̀jẹ̀ wa sì máa ń dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ atẹ́gùn tí à ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, oorun á máa kun èèyàn, á ní kí òun rọra jókòó. Ó parí. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré, I better pass my neighbour, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ti fèrèsé sùn, tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá. Ojú Bàbá Tíṣà ń pọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹnjiníà ṣí ilẹ̀kùn, kò jiyàn. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ti rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tó dùn. Kátálíìsì! Ẹnjiníà ti ṣírò owó rẹ̀ sílẹ̀ o. Ó ní bí òun bá ta kátálíìsì àlòkù náà fún àwọn oní-kọ̀ndẹ́mù, owó rẹ̀ á ra sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀, á sì ṣẹ́kù tí wọn á fi ra aṣọ ọdún fún Tọ́lá. Kò parọ́. Èmi náà mọ̀ pé nǹkan olówó ni. Àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, ọkọ̀ Honda Jazz ló ní. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáná sí i, ọkọ̀ bú ramúramù. Àwọn olè ti gbé e sókè lóru, wọ́n ti rẹ́ kátálíìsì rẹ̀ lọ. Wọ́n ní Jazz àti Toyota Prius ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ́hùn-ún. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi irin èéfín ṣe? Ó ní èròjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, platinum, palladium àti rhodium, pé rhodium yìí, lọ́dún 2021, áńsì kan rẹ̀ kọjá 20,000 dọ́là. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wo gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì lọ́jọ́ náà, mi ò wo táyà wọn rárá.

Bàbá Tíṣà ní ará Faransé kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Eugene Houdry, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, tí Amẹ́ríkà sì wá ń fi í sára ọkọ̀ tuntun láti ti ọdún 1975, kí èéfín olóró má baà máa pa ará ìlú. Ó rí bí afárá oyin nínú, ihò wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ ni, ara àwọn ihò náà ni wọ́n lẹ èròjà olówó yẹn mọ́. Èéfín á gba àárín wọn kọjá, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì á yí padà kó tó bọ́ síta. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, Ẹnjiníà ti wọ ẹ̀wù.

Ó ké sí ọlọ́kadà, ọlọ́kadà wo gígùn páìpù, ó ní òun ní ìyàwó nílé. Micra ló padà gbé e. Ẹ mọ takisí Ìbàdàn, èèyàn mẹ́rin gan-an ń há níbẹ̀. Wọ́n yọ iwájú páìpù láti fèrèsé ọ̀tún, ìdí rẹ̀ yọ láti ti òsì, obìnrin kan tó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ gbé sàlẹ́ńsà lé itan pẹ̀lú léèsì. Gbogbo wọn forí lé Gate, ọjà Àràrọ̀mí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ Àǹtí Téló bá a lọ láti bá a gbé e. Ẹ ṣì ń kà á?

Ọmọ yẹn ló wá ròyìn fún mi. Ó ní oní-kọ̀ndẹ́mù gba kátálíìsì, ó gbé e lọ́wọ́ wò, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, ojú wọn ṣe mẹ́rin nínú páìpù, òun lápá kan, Ẹnjiníà lápá kejì. Oní-kọ̀ndẹ́mù ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń rí yín." Kò sí afárá, kò sí oyin. Ẹnì kan ti la ẹ̀yìn rẹ̀, apá òkè tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí ẹni tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ kò lè rí. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó jó o padà, ó fi iyanrìn pa ojú ibẹ̀ dán. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Owó irin lásán ni wọ́n dá lé e.

Ìgbà tó délé ló wá ń rántí. Mẹkáníìkì kan ti gba ọkọ̀ náà sùn mọ́jú rí, ó ní òun fẹ́ fọ kátálíìsì nítorí iná check engine tó ń tàn. Nígbà tó gbé e padà, iná náà ò hàn mọ́. Ẹnjiníà yìn ín, ó tún fún un ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bàbá Tíṣà tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Sítíkà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" sí. Wọ́n fi èékánná ṣí i. Iná náà ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ń tàn láti ìgbà náà, Ẹnjiníà sì ti ń wo ọpẹ́ láràárọ̀, ó ń ṣe àmín.

Ó ra sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀, ó ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Kátálíìsì ní tirẹ̀, apá rẹ̀ kò ká a, òfìfo náà ni wọ́n gbé padà sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń tú èéfín sí wa nímú ní ìgboro yìí. Dídè rẹ̀ kò le tó títú, mi ò ní fi yín dúró lé e lórí. Ọkọ̀ dákẹ́. Ìròyìn tàn. Bàbá Tọ́lá bá ń sọ fún gbogbo ayé pé òun nìkan lòun tú u tí òun sì dè é, àwọn ọlọ́kọ̀ àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pé kó bá àwọn yẹ abẹ́ tiwọn wò.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì. Lálẹ́ Thursday, mo ń palẹ̀ ọjà mọ́, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì ní gáráàjì. Alhájì ni. Àwọn tó ṣòfin! Benz wọn wà lórí ẹsẹ̀ irin, ẹsẹ̀ Ẹnjiníà yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Ẹnjiníà ní, "Alhájì, òfìfo ni tiyín náà." Alhájì kò sọ̀rọ̀. Ẹnjiníà wá bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló tún un ṣe fún yín gbẹ̀yìn?" Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà lu orí mọ́ irin. Ẹni kan náà ni! Alhájì fúnra wọn ló júwe rẹ̀ fún un nígbà náà, wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ gidi ni. Ọmọkùnrin tó da ọ́ìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ Àlhájà náà ni.

Ẹnjiníà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Alhájì ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kí ló dé? Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn ò wo ẹ̀yìn ìkòkò ìnáwó tí mo ti ń wá àpò èlùbọ́ mi. Wọ́n ní àna àwọn ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kékeré tó wà ní Mọ́níyà, ibi tí wọ́n máa ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Wednesday, tí wọ́n á ní ìpàdé ni. Ọjọ́ tó wá síbí yẹn, ó ti fẹ́ kí Àlhájà kú iṣẹ́, kó sì fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí mọ̀lẹ́bí, ìdí tí Alhájì fi sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Èlùbọ́ kọ́ ló bí òfin yẹn o! Àlhájà kò sì tíì mọ̀ pé...

Ẹ dákẹ́. Àlhájà ló ń bọ̀ yẹn. Kóńgò mélòó lẹ ní kí n wọn fún yín?